Bí Ẹgbẹ́ Àgbẹ̀ Ṣe Lè Wọn Ọ̀rọ̀ Àwọn Onímọ̀ Kí Wọ́n Tó Pinnu

Irúgbìn tó jóná sínú ilẹ̀ nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ dá ló mú kí a kọ ìwé yìí. Ẹgbẹ́ kan tí mo bá ṣiṣẹ́ pe onímọ̀ mẹ́ta láti sọ ìgbà tí òjò yóò fìdí múlẹ̀. Ẹni tí oyè rẹ̀ ga jù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, àwọn méjì tó kù sì gbè é lẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn ti kọ ọjọ́ mìíràn sínú ìwé kékeré ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn òfò náà ni mo rí ìwé yẹn: ó ti fi gègé fa ọjọ́ tirẹ̀ rẹ́, ó sì kọ ti ọ̀gá sí abẹ́ rẹ̀.

Àṣìṣe yìí la ń rí léraléra, pé oyè àti ohùn gooro ni a fi ń wọn ọ̀rọ̀. A lè bọ̀wọ̀ fún àgbà láìfi irúgbìn ọdún kan san án.

Kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu, ẹ jẹ́ kí onímọ̀ kọ̀ọ̀kan kọ iye tirẹ̀ sínú ìwé pélébé, kí ó ká a, kí ó sì fi lé akọ̀wé lọ́wọ́. Ní 1907, Francis Galton, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe àyẹ̀wò ìwé 787 tí àwọn èèyàn fi díje láti mọ ìwọ̀n ẹran màlúù kan ní ìpàtẹ ẹran ní ìlú Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iye tó bọ́ sí àárín, bí a bá tò wọ́n láti èyí tó kéré jù dé èyí tó pọ̀ jù, jẹ́ 1,207 pọ́n-ùn, ìwọ̀n ẹran náà gan-an sì jẹ́ 1,198. Olúkúlùkù ló ti kọ tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́tọ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo àkọsílẹ̀ ohun 10, ó kéré tán, tí onímọ̀ náà ti sọ tẹ́lẹ̀ tí àbájáde wọn sì ti hàn, tí ó sì sọ bí ó ṣe dá a lójú tó nínú 10. Bí ó bá fi 9 sọ pé òjò yóò rọ̀, tí òjò kò sì rọ̀, ẹ ṣírò 9 lọ́nà 9, gbèsè rẹ̀ di 81. Ẹni tó sọ 6 jẹ 36. Bí òjò bá rọ̀, ohun tó kù kí iye rẹ̀ pé 10 ni ẹ óò ṣírò lọ́nà ara rẹ̀: ẹni tó sọ 9 jẹ 1, ẹni tó sọ 6 sì jẹ 16, ìyẹn 4 lọ́nà 4. Ẹni tí gbèsè rẹ̀ lórí ohun 10 bá ju 250 lọ kò sàn ju ẹni tó kàn ń sọ 5 sí ohun gbogbo, ẹ má sì fún un ní ìpín kankan nínú ìpinnu, ohun yòówù kí oyè rẹ̀ jẹ́.

Ẹ pín 100 láàárín àwọn tó kù, kí ẹni tí gbèsè rẹ̀ kéré jù gba èyí tó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n kí ìpín ẹnì kan má ju 50 lọ. Bí àwọn mẹ́ta bá sọ pé ó ku ọjọ́ 10, 20 àti 35, tí ìpín wọn sì jẹ́ 50, 30 àti 20, ẹ ṣírò ọjọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́nà ìpín rẹ̀, kí ẹ sì fi 100 pín in: ọjọ́ 5, 6 àti 7 ni ẹ óò rò pọ̀, yóò sì jẹ́ ọjọ́ 18. Bí àkọsílẹ̀ kò bá pé 10, ẹ pín in dọ́gba. Ẹ má fojú díwọ̀n ìpín. Onímọ̀ méjì tó gbọ́ ìròyìn kan náà láti ibì kan náà kì í ṣe ẹlẹ́rìí méjì, nítorí náà ìpín ẹnì kan ni kí àwọn méjèèjì jọ pín.

Kí akọ̀wé ka àwọn iye náà sókè láìdárúkọ, kí ẹni tí tirẹ̀ jìnnà jù kọ́kọ́ ṣàlàyé ìdí rẹ̀, kí gbogbo wọn sì tún kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Èyí tí wọ́n kọ lẹ́ẹ̀kejì ni kí ẹ fi ṣírò. Ẹ tọ́jú ìwé méjèèjì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa nǹkan kan rẹ́ nínú wọn, kí akọ̀wé sì kọ àbájáde sí ẹ̀gbẹ́ wọn láàárín ọjọ́ 7 tí ó bá ti hàn.