"Kò Sí Ohun Tó Ń Ṣe Mí": Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nípa Àyẹ̀wò Ara

"Kò sí ohun tó ń ṣe mí": ọ̀rọ̀ yìí ló ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró sílé, tí wọn kì í fi í lọ ṣe àyẹ̀wò. Ẹni tó sọ ọ́ kò parọ́, torí ara rẹ̀ le lójú ara rẹ̀. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru lè wà lára èèyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí orí fífọ́ tàbí òòyì kankan. Kíndìnrín lè ti máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ tipẹ́ kí ẹsẹ̀ tó wú. Glaucoma, àìsàn ojú kan, a máa jẹ ìríran ẹ̀gbẹ́ ojú lọ nígbà tí ẹni tó ní in ṣì ń ka ìwé dáadáa, ibi tó bá sì ti gbà kò ṣeé gbà padà mọ́. Ẹ má dúró de ìrora. Àwọn àìsàn tí kì í tètè dunni gan-an la torí wọn ń ṣe àyẹ̀wò.

Àṣìṣe nípa wíwọn ìfúnpá, ìyẹn agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri iṣan, máa ń dùn mí, torí ẹni tó wá wọ̀n ọ́n ti gbìyànjú dé ilé ìwòsàn, síbẹ̀ èsì tó gbà kò ṣeé gbára lé. Ẹ má sáré wọlé kí ẹ sì na apá sí nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ̀yìn yín fara ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, kí apá wà lórí tábìlì ní ọ̀gangan ọkàn. Bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n yín, ẹ kọ́kọ́ lọ tọ̀, torí ìtọ̀ tí a há mọ́ra lè gbé ìfúnpá sókè. Ẹ yẹra fún kọfí, sìgá àti eré ìdárayá fún ìṣẹ́jú 30 ṣáájú. Bí wọ́n bá ń wọ̀n ọ́n lọ́wọ́, ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ má gbé fóònù.

Bí ìfúnpá yín bá jẹ́ 140 lórí 90, ẹ̀ẹ̀kan kò tó láti fi pe èèyàn ní aláìsàn. Wọ́n á tún un wọ̀n lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ má wá sọ pé ẹ̀rù dókítà ló fà á, kí ẹ má sì padà lọ mọ́. Bí ó bá tó 180 lórí 120, ẹ má kúrò níbẹ̀ láìrí dókítà.

Àwọn kan á ṣọ́ ẹnu fún ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó lọ yẹ ṣúgà wò. Ta ni wọ́n ń tàn jẹ? Àyẹ̀wò òwúrọ̀ kò béèrè ju kí èèyàn má jẹun fún bíi wákàtí 8, omi lásán kò sì lòdì. Èyí tí wọ́n ń pè ní HbA1c tiẹ̀ ń fi bí ṣúgà ṣe rí fún oṣù 2 sí 3 tó kọjá hàn. Ẹ má dá oògùn yín dúró fúnra yín nítorí àyẹ̀wò; ẹ béèrè ṣáájú. Ẹ má sì fi àgbo tí ẹ ń mu pamọ́ fún dókítà.

Kì í ṣe gbogbo àyẹ̀wò ló yẹ gbogbo èèyàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí obìnrin bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò kòkòrò HPV, tó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, láti ọmọ 30 ọdún, ní ọdún 5 sí 10 síra. Obìnrin tó ní HIV á bẹ̀rẹ̀ láti 25, ní ọdún 3 sí 5 síra. Abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV kò sọ pé kí ẹ má ṣe àyẹ̀wò náà mọ́.

Èyí tó burú jù ni kí èèyàn ṣe àyẹ̀wò, kó má gba èsì. Bí wọn ò bá pè yín, ẹ má rò pé ó dáa ni: ìwé lè sọnù, nọ́ńbà fóònù sì lè ti yí padà. Ẹ tọ́jú èsì ọdọọdún, kí ẹ sì mú ti àtẹ̀yìnwá dání. Creatinine, ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí kíndìnrín máa ń sẹ́ jáde, tó bá ń gòkè lọ́dọọdún lè jẹ́ àmì kíndìnrín tó ń rẹ̀ sílẹ̀, bí kò tilẹ̀ tíì kọjá ààlà. Ẹ bi dókítà pé kí ló ti yí padà, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ ó padà wá sílẹ̀ kí ẹ tó dìde.