Bí a ṣe ń mu Kölsch ní Köln lópin ọ̀sẹ̀

Ẹni tó bá bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Köln, ìlú kan ní Jámánì, nírọ̀lẹ́ Jímọ̀ kò ní wá Kölsch, bíà ìlú náà, jìnnà. Dom, ṣọ́ọ̀ṣì gogoro ìlú náà, ló máa kọ́kọ́ rí, ilé ọtí Früh sì wà nítòsí rẹ̀. Àmọ́ àlejò máa ń kún ibẹ̀ bámúbámú. Bí ẹ bá fẹ́ ibi tí wọ́n ti ń pọn ọtí tí wọ́n sì ń tà á lábẹ́ òrùlé kan náà, ẹ kọjá sí Päffgen ní òpópónà Friesenstraße. Láti 1883 ni wọ́n ti wà lẹ́nu rẹ̀.

Kölsch mọ́ gaara, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi wúrà, agbára rẹ̀ sì tó nǹkan bíi ìdá 4.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Gìlásì tóóró tó ń gba lítà 0.2 péré ni wọ́n ń bù ú sí. Kì í ṣe pé wọ́n ń ṣahun. Ìfófòó rẹ̀ kì í pẹ́ lọ, tó bá sì ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, adùn ti tán nínú rẹ̀. Ẹni tó fi gìlásì kan jókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ló máa ń sọ pé ọtí náà kò dùn.

Agbọ́tí ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Köbes. Bí gìlásì yín bá ti gbẹ, á gbé òmíràn ka iwájú yín láìbéèrè, á sì fi pẹ́ńsù fa ìlà kan sára páálí tó wà lábẹ́ ife. Páálí yẹn ni àkọsílẹ̀ gbèsè yín: ẹ má fi nu tábìlì, ẹ má sì fà á ya. Tó bá ti tó yín, ẹ gbé páálí lé gìlásì lórí. Tí ẹ bá fi gìlásì òfìfo sílẹ̀ láìbò, òmíràn ń bọ̀ nìyẹn. Ìlà 5 jẹ́ lítà 1 géérégé, torí náà ẹ máa kà á. Gìlásì kékeré ń tan èèyàn jẹ. Köbes a máa sọ̀rọ̀ ṣákálá, ẹ má kà á sí ìwọ̀sí.

Ẹ jẹun kí ìlà tó di mẹ́ta. Orúkọ Halve Hahn túmọ̀ sí ìlàjì àkùkọ, síbẹ̀ adìẹ kankan kò sí níbẹ̀: búrẹ́dì ráì kékeré ni, pẹ̀lú wàràkàsì Gouda tó nípọn, bọ́tà, mọ́sítáàdì àti àlùbọ́sà. Himmel un Ääd ní tiẹ̀ jẹ́ ọ̀run àti ilẹ̀. Ápù tó ń so lókè ni ọ̀run, pòtétò tó ń ta lábẹ́ ilẹ̀ ni ilẹ̀, wọ́n á wá fi sọ́séèjì ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n dín pẹ̀lú àlùbọ́sà lé e. Mett ni kí ẹ ṣọ́ra fún: ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tútù tí wọ́n lọ̀ ni, wọn kì í sè é. Ẹni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀ lè pe Rievkooche. Pòtétò ni wọ́n ń rin tí wọ́n ń dín nínú òróró, bí a ṣe ń fi ewùrà ṣe òjòjò gẹ́lẹ́, ápù tí wọ́n sè rọ̀ ni wọ́n sì ń fi jẹ ẹ́. Kí ẹ tó pè é, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé “Mit Speck?”, torí àwọn kan a máa fi ẹlẹ́dẹ̀ sí i.

Ẹ mú owó lọ́wọ́. Gbogbo ibẹ̀ kọ́ ló ń gba káàdì. Bí owó bá jẹ́ Yúrò 27.40, ẹ sọ pé “dreißig” (ọgbọ̀n), kí Köbes mú ìyókù.

Ẹ fi Sunday lọ sí ìlú Düsseldorf, nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí ni nínú ọkọ̀ ojú irin. Bíà Alt ni tiwọn, ó dúdú díẹ̀, ó sì korò ju Kölsch lọ. Ti Uerige, ilé ọtí kan níbẹ̀, korò dáadáa. Ètò páálí yẹn náà ni wọ́n ń lò. Ṣùgbọ́n ẹ má pe Alt ní Köln, ẹ má sì pe Kölsch ní Düsseldorf.