Bí A Ṣe Ń Ka Ìwádìí Èrò Ará Ìlú Lórí Iṣẹ́ Ààrẹ Ní Àkókò Àjàkálẹ̀ Àrùn

Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2020, Ààrẹ Donald Trump kéde ipò pàjáwìrì ní Amẹ́ríkà nítorí àrùn kòrónà. Láàárín ọjọ́ náà sí ọjọ́ 22 oṣù kan náà, ilé-iṣẹ́ Gallup, tí ń ṣe ìwádìí èrò ará ìlú ní Amẹ́ríkà, bi àwọn ará ìlú léèrè bí wọ́n ṣe rí ọwọ́ tí ààrẹ fi mú ọ̀rọ̀ àrùn yìí. Ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún fọwọ́ sí i, ìdá 38 kò fọwọ́ sí i. Ẹni tí ó fẹ́ràn Trump lè máa gbé 60 yìí kiri bí ìwé ẹ̀rí. Ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀ náà lè gbé nọ́ńbà mìíràn jáde láti inú ìwádìí kan náà, nítorí pé ìdá 49 péré ni ó fọwọ́ sí iṣẹ́ rẹ̀ lápapọ̀. Kò sí ẹni tí ó purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Ohun tí mo fẹ́ ṣe níhìn-ín ni láti fi ìwádìí yìí ṣe àpẹẹrẹ, kí ẹ lè mọ bí a ṣe ń yẹ irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ wò kí a tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn lórí WhatsApp.

Ẹ kọ́kọ́ wá ìbéèrè náà gan-an, kí ẹ má ṣe dúró lórí àkọlé ìròyìn. Ìbéèrè tí Gallup máa ń béèrè nígbà náà nípa gbogbo ààrẹ, láti ìgbà Harry Truman ní ọdún 1945, kò le rárá: ṣé ẹ fọwọ́ sí ọ̀nà tí ààrẹ ń gbà ṣe iṣẹ́ rẹ̀, àbí ẹ kò fọwọ́ sí i? Ìbéèrè yìí ni ó bí 49. Èyí tí ó bí 60 dá lé ọ̀rọ̀ àrùn nìkan. Iṣẹ́ ààrẹ lápapọ̀ kan ọrọ̀ ajé, yíyan adájọ́, ọ̀rọ̀ àwọn àjèjì àti ìwà ọkùnrin náà fúnra rẹ̀, nítorí náà ẹnìkan lè sọ pé òun kò fara mọ́ Trump ṣùgbọ́n kí ó gbà pé ó ń gbìyànjú lórí ti àrùn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀wẹ̀, ìjọba ni ilé-iṣẹ́ YouGov máa ń béèrè nígbà náà pé ó ń ṣe dáadáa tàbí kò ṣe dáadáa lórí kòrónà. A kò lè fi ìdáhùn sí ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdáhùn tí ó dárúkọ ènìyàn kan, kí a sì wá sọ pé Boris Johnson, olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ju Trump lọ tàbí kò jù ú lọ.

Lẹ́yìn ìbéèrè, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n béèrè é. Àwọn àgbà ní bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́: nígbà tí ewu bá wọ ìlú, ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbé ìjà òṣèlú tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọn a sì tò sẹ́yìn ẹni tí ó wà lórí àga, yálà iṣẹ́ rẹ̀ dára tàbí kò dára. Ààrẹ George W. Bush wà ní ìdá 51 ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ìkọlù tí àwọn apániláyà ṣe sí Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2001. Kí oṣù náà tó parí, ó ti di 90. Ti Trump kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdá 44 ni ó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta ọdún 2020, ó gun orí 49 nígbà tí ó kéde ipò pàjáwìrì, ó sì ti padà sí 43 nígbà tí oṣù kẹrin fi máa dé ìlàjì. 49 ọ̀hún gan-an, ibi tí ó ti dé rí ní oṣù kìn-ín-ní àti oṣù kejì ni, nígbà tí àrùn kò tíì di ọ̀rọ̀ gbogbo ilé. Ẹni tí kò bá ka ọjọ́ orí ìwádìí yóò rò pé kòrónà ni ó gbé e dé ibẹ̀.

Ìdí tí ìgòkè náà fi kéré hàn nígbà tí a bá pín àwọn tí ó dáhùn sí ẹgbẹ́ òṣèlú. Nínú àwọn Republican, ẹgbẹ́ Trump, ìdá 94 ni ó fọwọ́ sí bí Trump ṣe ń ṣe lórí àrùn. Nínú àwọn Democrat, ẹgbẹ́ alátakò, ìdá 27. Nínú àwọn tí kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan, ìdá 60. Ẹ ò rí i pé 60 tí ó wà nínú àkọlé ìròyìn kò ṣàpèjúwe ẹgbẹ́ ńlá méjèèjì. Nígbà tí àlàfo bá ti tóbi tó báyìí, èrò nípa ẹgbẹ́ ni a ń kà ju èrò nípa iṣẹ́ lọ. Bí ìwádìí kan kò bá gbé ìpín yìí jáde, èmi kì í lò ó.

Ibi tí mo rò pé ẹ̀kọ́ pọ̀ sí jù ni àwọn nọ́ńbà tí ó wà ní àyíká ti ààrẹ nínú tábìlì kan náà, tí àwọn oníròyìn sábà máa ń fò dá. Gallup béèrè nípa àwọn ẹlòmíràn pẹ̀lú. Àwọn ilé ìwòsàn gba ìdá 88, ìjọba ìpínlẹ̀ gba 82, àjọ CDC tí ń gbógun ti àrùn gba 80, igbá-kejì ààrẹ, Mike Pence, gba 61, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin gba 59, àwọn ilé-iṣẹ́ ìròyìn sì wà nísàlẹ̀ pátápátá pẹ̀lú 44. Lójijì, 60 kì í ṣe nǹkan ìyangàn mọ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣiṣẹ́ nípa àrùn yìí jù ú lọ ní ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀. Kì í sì í ṣe ìtìjú, nítorí pé àwọn aṣòfin kò sàn jù ú lọ.

Kí ẹ tó sọ pé ará ìlú ń wo iye òkú kí wọ́n tó fúnni ní máàkì, ẹ lọ wo New York. Ní ìparí oṣù kẹta náà, ibẹ̀ ni àrùn ti ń pa ènìyàn jù ní Amẹ́ríkà, síbẹ̀ ìwádìí Fásitì Siena rí i pé ìdá 87 nínú àwọn olùdìbò ìpínlẹ̀ náà ni ó fọwọ́ sí bí Gómìnà Andrew Cuomo ṣe ń ṣe. Cuomo máa ń jókòó síwájú kámẹ́rà lójoojúmọ́, ó ń ka iye ibùsùn àti ẹ̀rọ amúnimí tí ó kù. Ìfọ̀kànbalẹ̀ tí ènìyàn ń rí nínú ohùn olórí wà nínú máàkì yẹn, bóyá ó tilẹ̀ ju iṣẹ́ gan-an lọ. (Oṣù kẹjọ ọdún 2021 ni ẹ̀sùn pé ó ń fi ìṣekúṣe lọ àwọn obìnrin mú kí ó kọ̀wé fi ipò sílẹ̀. Máàkì kì í pẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.)

Ìṣirò kékeré kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan àgbàlagbà ni Gallup bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Láti mọ ààyè àṣìṣe tí ó wà nínú irú iye bẹ́ẹ̀, ẹ wá nọ́ńbà tí a bá sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ yóò fún wa ní iye àwọn tí wọ́n bi, kí ẹ sì fi pín 100. Bí ó bá jẹ́ 900 ènìyàn, 30 lọ́nà 30 ni, 100 tí a fi 30 pín yóò sì jẹ́ mẹ́ta lé díẹ̀. Nítorí náà, 49 lè jẹ́ 46, ó sì lè jẹ́ 52. Gallup máa ń kọ 4, nítorí pé wọ́n tún ń ṣe àtúnṣe kí ọjọ́ orí, ẹ̀yà àti ìwé kíkà àwọn tí ó dáhùn lè bá ti orílẹ̀-èdè mu, àtúnṣe náà sì ń fẹ àṣìṣe lójú. Bí ẹ bá wá ń fi ìwádìí méjì wéra, ẹ sọ 4 náà di púpọ̀ pẹ̀lú 1.4, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 6. Ẹ padà wo nọ́ńbà Trump: láti 44 dé 49 jẹ́ 5, kò tó 6, láti 49 wálẹ̀ sí 43 jẹ́ 6, ó kàn fẹsẹ̀ kan tẹ ẹnu ọ̀nà ni. Bí kò bá ṣe pé ìwádìí àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn náà fi ìgòkè díẹ̀ hàn ní àsìkò kan náà, a kò ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé ó gòkè rárá.

Ìṣirò yìí kò bo ti àwọn tí kò gbé fóònù. Ilé-iṣẹ́ Pew sọ pé nínú ìwádìí orí fóònù tí àwọn ṣe ní ọdún 2018, ìdá 6 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni ó dáhùn, nígbà tí ó jẹ́ 36 ní ọdún 1997. Bí àwọn tí kò dáhùn bá ń ronú bákan náà pẹ̀lú àwọn tí ó dáhùn, kò sí wàhálà; bí wọn kò bá ronú bákan náà, ìwádìí yóò ṣì wá lọ sí apá kan. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ṣáájú ìdìbò oṣù kọkànlá ọdún 2020 ni àṣìṣe wọn pọ̀ jù láàárín ogójì ọdún ní Amẹ́ríkà: wọ́n fún Joe Biden ní àlàfo tí ó tóbi ju ìdá 4.5 tí ó fi borí Trump lọ. Ní Áfíríkà, níbi tí Afrobarometer, àjọ tí ń ṣe irú ìwádìí yìí, ti máa ń lọ bá ènìyàn nílé, àrùn náà mú kí wọ́n dá iṣẹ́ dúró fún oṣù mélòó kan. Nàìjíríà ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí NOIPolls tí ń lo fóònù, ẹ sì mọ irú ará abúlé tí ìyẹn kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ní ìparí, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ irú àwọn ẹni tí wọ́n bi sí: ṣé gbogbo àgbàlagbà ni, ṣé àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, tàbí àwọn tí ó jọ pé wọn yóò jáde dìbò? Ọmọ Yorùbá tí ń gbé Houston, tí ìwé ọmọ onílùú rẹ̀ kò tíì jáde, lè wà nínú ìwádìí àkọ́kọ́, tí wọn yóò sì kà á mọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà nínú tábìlì. Kò lè sí nínú èkejì tàbí ẹ̀kẹta. Ìwádìí Gallup ti oṣù kẹta jẹ́ ti gbogbo àgbàlagbà. Ti Siena nípa Cuomo jẹ́ ti àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò.