Bí Mo Ṣe Kọ́ Àwọn Ọmọ Mi Ní Ẹja Pípa Nígbà Ìsinmi

Nígbà tí ilé-ìwé gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, mo kó àwọn ọmọ mi méjèèjì àti ọmọ àbúrò mi lọ sí Ẹ̀pẹ́, lọ́dọ̀ bàbá mi. Etí ọ̀sà ni wọ́n bí mi sí, àmọ́ ẹja tó ti gan nínú fíríìjì nìkan ni àwọn ọmọ mi mọ̀. Ó ń dùn mí. Mo pinnu pé kí ọ̀sẹ̀ 2 yẹn tó pé, oníkálukú wọn á fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ẹja.

Ìwọ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Àwọ̀n tó bá ti rin sómi ti wúwo jù fún ọmọdé, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 7 lè dá ọ̀pá ìwọ̀ dì mú. A gé ọparun tẹ́ẹ́rẹ́, a so okùn ọ̀rá mọ́ ọn lórí, okùn náà ò gùn ju ọ̀pá lọ kó má baà lọ́ mọ́ wọn lára. A gé díẹ̀ lára bàtà onírọ́bà tó ti já, kó máa léfòó lójú omi. Ìwọ̀ tó kéré jù ni mo rà, torí ẹnu epìyà ò tóbi. Tí ìwọ̀ bá tóbi, ẹja á kàn jẹ ìjẹ lọ ni.

Àwọn fúnra wọn ló wú ekòló nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ọmọbìnrin mi kọ̀, kò fọwọ́ kàn án. Bàbá mi ní kí n fi í sílẹ̀, ó ro ẹ̀bà líle fún un, ó ní kó máa ṣù ú bí ẹyọ ẹ̀wà. Ẹ̀bà yẹn ló sì kọ́kọ́ mú ẹja.

Sùúrù ló le jù. Orí pákó èbúté la jókòó sí, nítòsí ojú-oró tí epìyà máa ń sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Bí rọ́bà bá ti mì pẹ́nrẹ́n, wọ́n á ti fa ọ̀pá sókè: òfo. Mo ní kí wọ́n wò ó dáadáa. Epìyà á kọ́kọ́ fẹnu tọ́ ìjẹ wò, rọ́bà á máa jó. Ẹ má fà á. Á tún dákẹ́. Ẹ má fà á. Ìgbà tí rọ́bà bá rìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó sì rì, ìgbà yẹn ni kí ẹ fi ọrùn ọwọ́ gbé ọ̀pá díẹ̀. Ọwọ́ ń yún mi láti gbà á lọ́wọ́ wọn, mo sì ń ká a mọ́yà, torí ẹja tí mo bá fà, tèmi ni.

Ní ọjọ́ kẹta, ọmọ àbúrò mi fa òbòkun. Ayọ̀ ló fi gbá a mú, ẹ̀gún sì gún un ní àtẹ́lẹwọ́. Ẹ̀bi mi ni, ó yẹ kí n ti kọ́ wọn ṣáájú. A ki ọwọ́ rẹ̀ bọ omi gbígbóná tí ara rẹ̀ lè gbà, ìrora náà rọlẹ̀. Mo wá pe gbogbo wọn sídìí ẹja náà: ẹ̀gún 3, ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Bó bá ti kúrò lómi, á na gbogbo rẹ̀ ró gbọnrangandan. Àkísà tútù la fi ń bò ó, ká tó ti ọwọ́ bọ abẹ́ ikùn rẹ̀, kí ìka wa wà lẹ́yìn ẹ̀gún.

Lọ́jọ́ tó gbẹ̀yìn, a wọ jákẹ́ẹ̀tì tó ń léfòó fún wọn, bàbá mi sì fi ọkọ̀ gbé wa lọ yẹ ìgèrè tó fi ń dẹ ẹja wò. Epìyà kan tu ẹyin díẹ̀ jáde lẹ́nu.

“Dádì, ó ń jẹ ọmọ rẹ̀!” ni ọmọbìnrin mi ké.

“Rárá o, ìyá mi,” bàbá mi dá a lóhùn. “Ẹnu ló fi ń tọ́jú wọn.” Ó ṣàlàyé pé irú epìyà yìí, akọ ló ń ru ẹyin sẹ́nu títí wọn á fi pa, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ jẹun nígbà náà.

“Bàbá wọn nìyí?”

“Bàbá wọn ni.”

Ọmọbìnrin mi fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, ó rì í sómi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì dúró títí ẹja náà fi lúwẹ̀ẹ́ kúrò láàárín ìka rẹ̀. Bàbá mi, tó ti ń kó ẹja lọ sí ọjà Olúwo láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, di àjẹ̀ rẹ̀ mú, ó ń wò ó.