Bí A Ṣe Ń Pa Àgọ́ Kánfáàsì Sórí Pẹpẹ Pákó, Kí Omi Má Bàa Bá Yín Sùn

Ẹ má tíì ra pákó o. Mo mọ̀ pé àgọ́ ti dé, káfíńtà sì ti ń pè yín láti àárọ̀ pé òun fẹ́ gba owó igi, àmọ́ ẹ ní kó ṣe sùúrù ná. Gbogbo àgọ́ tí mo ti rí tó bàjẹ́ lórí pẹpẹ, wọ́n ti tó mẹ́fà báyìí, méjì nínú ẹ̀ sì jẹ́ tèmi fúnra mi, kò sí ìkankan tí omi ti òkè wọ̀. Etí pẹpẹ ni omi ti ń wọlé, torí pé ẹni tó kan pẹpẹ kàn án tóbi ju àgọ́ lọ.

Àgọ́ onígun mẹ́rin ni mò ń sọ o, kánfáàsì òwú gidi, tó ní ògiri àti òrùlé bíi ti ilé, irú èyí tí àwọn èèyàn ń rà ní tòkunbọ̀. Tèmi wà lóko, lọ́nà Ìsẹ́yìn, ibẹ̀ la máa ń sùn tí àgbàdo bá ti ń gbó. Àgọ́ náílọ́ọ̀nù kékeré tí wọ́n ń ká sínú báàgì ò nílò wàhálà yìí, ẹ pa á sílẹ̀ kí ẹ sùn. Kánfáàsì ló ń bẹ̀rù ilẹ̀, torí ikán ń jẹ ẹ́, ọ̀rinrin ilẹ̀ sì ń jẹ́ kó bu, ọdún méjì péré, ìsàlẹ̀ ẹ̀ á ti máa ya bíi bébà.

Ẹ fi omi rẹ àgọ́ kí ẹ tó wọn nǹkan kan

Kánfáàsì òwú tí omi ò tíì kàn rí, ó máa ń súnkì. Nítorí náà ẹ pa á sórí ilẹ̀ lásán, ẹ da omi sí i títí á fi rin gbingbin, ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá, kí ẹ wá tún un ṣe. Àwọn kan ní ẹ̀ẹ̀mejì ti tó, èmi ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo máa ń ṣe é, ẹ̀yin náà ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Omi lásán o, ẹ má fi ọṣẹ kankan sí i, ọṣẹ ìfọṣọ ń bọ́ oògùn tí wọ́n fi ra á lára kó má bàa máa gba omi. Tí ẹ bá dúró sínú ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ máa rí i tí omi ń kán tó-tó-tó láti ojú ìránṣọ, ẹ má jáyà, ẹ má sì sáré lọ ra gọ́ọ̀mù. Òwú tí wọ́n fi rán an ló máa mu omi tó máa wú, táá sì dí ihò abẹ́rẹ́ yẹn fúnra ẹ̀. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta tó ṣì ń kán níbì kan, ẹ fi àbẹ́là pa ibẹ̀.

Lẹ́yìn tó bá gbẹ lẹ́ẹ̀kẹta lẹ tó lè gbé tépù. Wọ́n kọ 12 fíìtì sí 14 fíìtì sára àpò tèmi, àmọ́ nígbà tí mo wọ̀n ọ́n, fífẹ̀ ẹ̀ ti di 11 fíìtì àti ínṣì 9. Ká ní mo ti fún káfíńtà ní 12 ni, mi ò bá máa sunkún lónìí. Ẹ wọn ìsàlẹ̀ ògiri láti igun dé igun, gbogbo ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí àgọ́ tòkunbọ̀ mìíràn ti fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ má gbé e sórí.

Ẹsẹ̀ pẹpẹ

Ibí yìí ò le, káfíńtà yín mọ̀ ọ́n, kí n kàn sọ bí mo ṣe ń ṣe é. Pákó tí wọ́n ń tà fún wa, bóyá ní Bódìjà ni o tàbí ní sọ́mìlì ìtòsí yín, 12 fíìtì ni gígùn ẹ̀, ìdí tí mo fi fẹ́ràn àgọ́ tí fífẹ̀ ẹ̀ súnmọ́ 12 nìyẹn, ẹ ó kàn gé orí pákó díẹ̀, kò ní sí oríkèé láàárín. Ìlà mẹ́rin ni mo máa ń to búlọ́ọ̀kù sí, mẹ́rin-mẹ́rin lórí ìlà kan, á jẹ́ ibi 16, a ó rọ kọnkéré sínú ihò ẹ̀, a ó wá dá 2 báì 6 dúró ní ẹ̀gbẹ́ lórí ẹ̀, 2 báì 4 á dábùú ìyẹn ní ínṣì 16 síra wọn, pákó ìtẹ̀lẹ̀ á wá wà lókè. Kí ó ga tó ínṣì 18 sílẹ̀. Tó bá kéré sí ìyẹn, ẹ ò ní lè gbá abẹ́ ẹ̀, ejò á gbọ̀nà ibẹ̀, tó bá sì ga jù, ewúrẹ́ gbogbo àdúgbò á sọ ọ́ di ilé, ẹ ó máa gbọ́ tí wọ́n ń fi ara ha igi lóru.

Kí igi tó kan búlọ́ọ̀kù, ẹ gé páànù pẹlẹbẹ tó yọ síta ní ínṣì 2 yíká, ẹ tẹ etí ẹ̀ wálẹ̀, kí ẹ fi sáàárín. Ikán lè gun búlọ́ọ̀kù, àmọ́ kò lè yí etí páànù yẹn ká láì jẹ́ pé ẹ rí ọ̀nà yẹ̀pẹ̀ tó ń mọ. Kọndẹ́ẹ̀mù ọ́ìlì ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì dáa fún abẹ́ igi, owó ẹ̀ ò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ẹ má fi kan òkè pákó, òórùn ẹ̀ ò ní lọ, ó sì máa ba kánfáàsì jẹ́.

Kó lè tẹ́jú, ẹ ò nílò lẹ́fẹ́ẹ̀lì olówó ńlá, ẹ ya rọ́bà funfun tí bíríkìlà ń rọ omi sí. Kí ẹ sì ri irin sínú kọnkéré igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nígbà tó ṣì tutù, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ ká orí igi lẹ́yìn ìgbà tó bá gbẹ. Àgọ́ tí afẹ́fẹ́ wọ̀ dà bí ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi, mo ti rí èyí tí ìjì gbé tòun ti pẹpẹ.

Ní ti àlàfo láàárín pákó, ẹ béèrè bóyá pákó tútù ni tàbí èyí tó ti gbẹ. Tó bá ti gbẹ, ẹ fi ìṣó ínṣì 4 sáàárín méjì gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n àlàfo, kí ẹ kan án, kí ẹ yọ ìṣó. Tó bá tutù, ẹ kan án mọ́ra wọn, fúnra ẹ̀ ló máa súnkì tí àlàfo á fi yọ. Ẹni tó bá fi àlàfo sáàárín pákó tútù, tó bá di ìgbà ọyẹ́, kọ́kọ́rọ́ ẹ̀, síbí ẹ̀, gbogbo ẹ̀ á ti wà lábẹ́ pẹpẹ.

Etí pẹpẹ: ẹ jókòó, ẹ kà á dáadáa

Tí òjò bá ń rọ̀ pẹ̀lú afẹ́fẹ́, ara ògiri ló ń fẹ́ ẹ sí, omi á wá máa ṣàn wálẹ̀ lára kánfáàsì. Ibi tí kánfáàsì bá parí sí ni omi máa bọ́ sí. Tó bá jẹ́ orí pákó ló parí sí, orí pákó náà ni omi máa dúró sí, á wá wo ọ̀tún, á wo òsì, á rọra wọ abẹ́ tapólì tí ẹ tẹ́ sínú, ẹ ò sì ní mọ̀ àfi ìgbà tí mátírẹ́ẹ̀sì bá ti mu ún. Tó bá sì jẹ́ pé kánfáàsì kọjá etí pákó tó sì sọ̀ wálẹ̀, bí ìró ṣe ń bo orúnkún, ilẹ̀ ni omi máa kán sí, ó parí.

Nítorí náà, ohun tí ẹ máa sọ fún káfíńtà ni pé ìwọ̀n tí ẹ wọ̀n lára àgọ́, kó yọ ínṣì kan kúrò ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Tèmi tó jẹ́ 11 fíìtì àti ínṣì 9, mo kan pẹpẹ ẹ̀ ní 11 àti ínṣì 7. Káfíńtà á bá yín jà o. Á ní ó kéré, á ní kò ní rẹwà, á ní ẹ jẹ́ kí òun fi fíìtì méjì kún un kí ẹ lè rí ibi gbé àga sí. Ọ̀rẹ́ mi kan gbà fún un. Pẹpẹ yẹn dáa lójú, ó fi fáníìṣì kùn ún, ó ní fàráńdà yíká bíi ti òtẹ́ẹ̀lì. Òjò oṣù kẹrin kan ṣoṣo ni. Nígbà tí mo débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a fi ọwọ́ tẹ mátírẹ́ẹ̀sì, omi ru sókè láàárín ìka wa, ọ̀rẹ́ mi sì ń bú ẹni tó ta àgọ́ fún un, bẹ́ẹ̀ òrùlé gbẹ táútáú.

Tí ẹ bá fẹ́ fàráńdà dandan, ẹ kan án lọ́tọ̀ síwájú ẹnu ọ̀nà, kó rẹlẹ̀ ju pẹpẹ lọ ní ínṣì 3, kí àlàfo tó gba ọwọ́ wà láàárín àwọn méjèèjì. Ẹ̀yin tí ẹ ti kan pẹpẹ ńlá tẹ́lẹ̀, ayùn ni oògùn ẹ̀, ẹ gé e. Tí àánú ẹ̀ bá ń ṣe yín, ẹ lè kan igi 2 báì 2 yíká sórí ẹ̀ kí kánfáàsì sọ̀ sí ìta ẹ̀, ó ń gbìyànjú, àmọ́ lójú tèmi, ẹ gé e.

Pé pẹpẹ kéré nìkan ò tíì tó o. Orí pẹpẹ ni ẹsẹ̀ òpó àgọ́ máa wà, gíga òpó ló sì ń sọ ibi tí ìsàlẹ̀ ògiri máa dé. Tí àgọ́ yín bá ní etí gbọọrọ nísàlẹ̀, etí yẹn ni kó sọ̀ síta. Mo ti rí ẹni tó ká a sínú tó fi tapólì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ torí kòkòrò, òun fúnra ẹ̀ ló fọwọ́ mú omi wọlé. Tí kò bá ní etí, ẹ gé ínṣì 2 kúrò lẹ́sẹ̀ gbogbo òpó, kí ògiri lè kọjá pákó wálẹ̀. Ẹ gé gbogbo ẹ̀ dọ́gba. Kí ẹ gé awọ táyà kékeré sábẹ́ òpó kọ̀ọ̀kan, kó má bàa lu tapólì.

Ẹ má kan kánfáàsì mọ́ igi! Ìṣó ni àwọn èèyàn máa ń sáré gbé, tí àgọ́ bá wá súnkì nínú òjò, ibi ìṣó ni á ti ya. Húùkù onísikúrù ni kí ẹ yí wọ abẹ́ etí pẹpẹ, fíìtì méjì-méjì síra wọn, kí ẹ lọ bá vọ́kánáísà kó fún yín ní túùbù tó ti bàjẹ́, ẹ gé e róbótó-róbótó bí òrùka, ẹ fi ìkan kọ́ ojú àgọ́ mọ́ húùkù kọ̀ọ̀kan. Tí kánfáàsì bá fà, túùbù á bá a fà. Ó dáa ju rọ́bà tí wọ́n ń tà lọ, ọ̀fẹ́ sì ni.

Tapólì inú náà, inú ni kó wà. Tí ínṣì kan péré bá yọ síta lábẹ́ ògiri, ẹ ti ṣe abọ́ tí ẹ ó máa fi gba òjò.

Gbígbé e dúró àti okùn

Ìjì tó máa ń ṣáájú òjò lọ́dọ̀ wa, láti ìlà oòrùn ló ti ń bọ̀, ẹ kọ ẹ̀yìn àgọ́ síbẹ̀, kí ẹnu ọ̀nà kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Èèyàn mẹ́ta ti tó láti gbé e, méjì níbi òpó, ìkan tó ń pariwo. Ẹ fa sípù ẹnu ọ̀nà pa kí ẹ tó fa okùn kankan, tí ẹ bá fa okùn pẹ̀lú ẹnu ọ̀nà ní ṣíṣí, sípù ò ní padé mọ́ láé.

Torí pé pẹpẹ ga, okùn gbọ́dọ̀ jìnnà ju bí wọ́n ṣe ya á sínú bébà àgọ́ lọ, èèkàn kéékèèké tó bá a wá nínú àpò ò sì ní dúró nínú ilẹ̀ tí òjò ti rọ̀. Èmi ò lo èèkàn. Mo máa ń ri òpó méjì sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, bíi fíìtì 5 sí ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ, màá dábùú ọparun lé e lórí, ara ọparun yẹn ni gbogbo okùn ẹ̀gbẹ́ yẹn máa so mọ́. Ẹ lè sún okùn sọ́tùn-ún sósì bó ṣe wù yín, ẹ sì lè sá aṣọ sí i.

Ẹ mọ irú okùn tí ẹ ní. Okùn òwú máa ń súnkì nínú omi bíi kánfáàsì fúnra ẹ̀, nítorí náà tí òjò bá ṣú, ẹ jáde lọ dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, tí ẹ bá sùn tì í, á fa òpó kán. Náílọ́ọ̀nù ní tiẹ̀ máa ń dẹ̀ tó bá tutù, ìyẹn lẹ ó tún fà. Okùn rọ́bà aláwọ̀ búlúù ọjà yẹn, oòrùn máa ń jẹ ẹ́, tí ẹ bá ti rí i tó ń bó sí yín lọ́wọ́ bí eruku, ẹ jù ú nù.

Ẹ má gbé ìkòkò èédú wọnú àgọ́ torí òtútù, èéfín ẹ̀ ń pa èèyàn lójú oorun, ẹ̀fọn náà, nẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ ta sí i. Tí òjò bá ń rọ̀, kí àwọn ọmọ má fọwọ́ kan òrùlé láti inú, ibi tí ìka bá kàn ni omi á ti máa kán. Tí ẹ bá sì fẹ́ ká a nílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ gbẹ, títí kan ìsàlẹ̀ ibi ìránṣọ tó máa ń tàn yín jẹ, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án. Tí ẹ bá ká a tutù fún ọjọ́ méjì, ẹ máa bá àmì dúdú lára ẹ̀ tí ọṣẹ ò ní yọ.

Lóru ọjọ́ tí òjò ńlá àkọ́kọ́ bá rọ̀, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ wọ abẹ́ pẹpẹ, kí ẹ na ọwọ́ sí abẹ́ pákó láti etí wọ inú. Kí ó tutù ní etí nìkan. Tí ọwọ́ yín bá kan omi ní àárín, ẹ padà lọ wo tapólì ní igun tó súnmọ́ ibẹ̀ jù, ó ti yọ síta níbì kan.