Ẹ Má Kí Ẹni Tó Fẹ́ Gbá Bọ́ọ̀lù: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ ní Kílọ́ọ̀bù Gọ́ọ̀fù

Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé lè di aláìmọ̀wàáhù lórí pápá gọ́ọ̀fù, ẹ̀kọ́ ilé yẹn gan-an ló sì máa ń kó bá a. Ẹ wo ìkíni. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó kọjá lára àgbà tí kò kí i ti ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n tí olóyè kan bá ti dúró ti bọ́ọ̀lù rẹ̀, tó ti di igi mú, tó tẹjú mọ́lẹ̀, ẹni tó bá ké sí i láti ẹ̀gbẹ́ pé "Chairman! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta!" ti ba nǹkan jẹ́. Bàbá yóò gbójú sókè, yóò dáhùn, nítorí Yorùbá lòun náà, bọ́ọ̀lù rẹ̀ yóò sì wọ igbó lọ. Ẹ dúró jẹ́ẹ́. Ẹ má dúró sẹ́yìn rẹ̀ gan-an, ẹ má sì jẹ́ kí òjìji yín bọ́ sójú bọ́ọ̀lù rẹ̀. Tí bọ́ọ̀lù bá ti lọ tán, ẹ lè wá dọ̀bálẹ̀ tó bá wù yín. Fóònù náà ńkọ́? Ẹ ti pa ohùn rẹ̀ láti ibi tí ẹ gbé mọ́tò sí.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ pariwo ni ìgbà tí bọ́ọ̀lù yín bá yà, tó ń lọ bá èèyàn. "Fore!" ni gbogbo ayé ń ké, kì í ṣe "Yéè!" Àwọn tuntun á kọ́kọ́ dúró wò ó bóyá yóò ba ẹnì kan, kí wọ́n tó lanu, ó ti bà á. Ẹ ké e lójú ẹsẹ̀, kó lọ sókè. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ gbọ́ ọ, ẹ má wá bọ́ọ̀lù lójú ọ̀run o: ẹ tẹrí ba, kí ẹ fọwọ́ bo orí. Àwọn tó ń gé koríko náà, èèyàn ni wọ́n. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kúrò kí ẹ tó gbá.

Ibi tí ọ̀wọ̀ àgbà ti ń ṣe ìpalára jù, lójú tèmi, ni orí káàdì, ìyẹn ìwé tí a ń kọ èsì sí. Nínú ìdíje stroke play, níbi tí ẹni tí àpapọ̀ ìgbá rẹ̀ kéré jù ti ń borí, ẹnìkejì ẹni ló ń kọ iye ìgbà tí a gbá bọ́ọ̀lù. Bàbá gbá a lẹ́ẹ̀meje, ó ní "Kọ márùn-ún." Ọmọdé ro ó pé ta lòun tí òun yóò fi já àgbà nírọ́, ó kọ márùn-ún, ó bu ọwọ́ lù ú. Òfin tí R&A àti USGA, àwọn ẹgbẹ́ tó ń ṣòfin gọ́ọ̀fù fún gbogbo ayé, jọ ń ṣe kò mọ ojú: ẹni tó fi iye tó kéré sí èyí tó gbá sílẹ̀ yóò jáde nínú ìdíje, ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ bu ọwọ́ lu irọ́ náà sì lè bá a lọ. Ẹ má bá bàbá jiyàn. Ẹ ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi kà á: èyí tí ẹ gbá láti orí tee níbẹ̀rẹ̀, èyí tó wọ iyanrìn, méjì tí ẹ fi jáde…" Kí ẹ tó jáde nínú iyanrìn, yóò ti rántí.

"Ẹ gbé e sà, ó ti wọlé" tí a ń sọ fún ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ sún mọ́ ihò, kó má gbá a mọ́, òun náà ńkọ́? Ìyẹn dára nínú match play, tí èèyàn méjì ń figagbága ní ihò sí ihò. Òfin gbà á. Nínú stroke play, kò sí ẹ̀bùn. Ẹni tí kò gbá tirẹ̀ wọlé, tó lọ bẹ̀rẹ̀ ihò tó kàn, ti jáde nìyẹn, kódà bí bọ́ọ̀lù ò ju ìka kan lọ sí ẹnu ihò. Ẹ wo àpẹẹrẹ ẹni tí kò purọ́ lórí káàdì. Ní US Open 1925, ìdíje gọ́ọ̀fù ńlá ní Amẹ́ríkà, Bobby Jones, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká agbágọ́ọ̀fù, fúnra rẹ̀ ló sọ pé bọ́ọ̀lù òun mì kí òun tó gbá a, nígbà tí ẹlòmíràn ò rí i. Wọ́n fi ẹyọ kan kún tirẹ̀. Òun àti Willie Macfarlane wá dọ́gba, Macfarlane sì borí nínú àtúngbá.

Ẹ má rán kádì, ìyẹn ẹni tó ń bá yín ru àpò igi gọ́ọ̀fù, níṣẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Tó bá fi ẹsẹ̀ ti bọ́ọ̀lù jáde nínú igbó, orí yín ni òfin yóò gbé e lé. Ẹ má sì máa bú u níwájú àwọn èèyàn nítorí bọ́ọ̀lù tí ọwọ́ ara yín gbá sódì. Kádì kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Òmíràn nínú wọn mọ gbogbo kọ̀rọ̀ pápá náà ju ọ̀gá rẹ̀ lọ. Ẹ sọ iye tí ẹ ó san kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ san án lọ́jọ́ náà.

Láti 2019, ìṣẹ́jú 3 ni a fi ń wá bọ́ọ̀lù, kì í ṣe 5 mọ́. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ó ti sọnù, kódà tí ẹ bá rí i níṣẹ́jú kẹrin. Tí iwájú yín bá ṣófo tí àwọn kan sì ń dúró lẹ́yìn, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọjá. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ dàgbà jù, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ pè wọ́n, torí ojú yóò ti àwọn ọmọ yẹn láti sọ ọ́.

Bọ́ọ̀lù tó ti òkè já bọ́ sórí gríìnì, ìyẹn koríko kúkurú tó yí ihò ká, máa ń dá kòtò kékeré síbẹ̀. Ẹni tó gbá a ló ni ín, kò gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ fún ará ẹ̀yìn. Àwọn tó ń gbìyànjú àtitún un ṣe pàápàá máa ń ṣì í: wọ́n á ti fọ́ọ̀kì kékeré tí a fi ń tún gríìnì ṣe bọ ìsàlẹ̀ kòtò náà, wọ́n á fi gbé ilẹ̀ sókè. Gbòǹgbò koríko á já, ojú ibẹ̀ á gbẹ. Etí kòtò ni kí ẹ ti fọ́ọ̀kì bọ̀, kí ẹ máa ti koríko láti ẹ̀gbẹ́ wá sáàárín yípo, kí ẹ tó wá fi ìsàlẹ̀ putter, igi tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù wọ ihò, tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ má tẹ ojú ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù ẹlòmíràn yóò gbà dé ihò. Lórí àwọn pápá tó jẹ́ browns, ìyẹn iyanrìn tí wọ́n fi epo pò, ẹsẹ̀ yín yóò hàn kedere. Ẹ má kúrò níbẹ̀ láìjẹ́ pé ojú rẹ̀ ti tẹ́. Nínú bunker, ìyẹn kòtò oníyanrìn, ẹ gba ibi tó rẹlẹ̀ wọlé, kí ẹ fi réèkì tún un ṣe bí ẹ ti ń jáde.

Ní ti ilé kílọ́ọ̀bù, ẹ ṣí fìlà yín, ẹ wọ ṣẹ́ẹ̀tì ọlọ́rùn, ẹ má sọ̀rọ̀ sí àwọn tó ń gbé oúnjẹ bí ẹni ń lé ewúrẹ́. Tí ẹ bá mú àlejò wá, orúkọ yín ló wà nínú ìwé ní ẹnu ọ̀nà: ohun tó bá jẹ, tó bá mu, tó bá sì bà jẹ́, ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n ń bọ̀. Ẹ yáa sọ fún un láti ilé pé kó má wọ jíǹsì.