Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nídìí Kíka Ìwé Ilẹ̀ Àtijọ́ ní Amẹ́ríkà

Àṣìṣe tí ó máa ń ṣi àwọn tí ń wá ìtàn ìdílé nínú ìwé ilẹ̀ àtijọ́ ní Amẹ́ríkà lọ́nà jù lọ ni pé, bí wọ́n bá ti rí ìwé tí ó sọ pé lágbájá ta ilẹ̀ fún tàmẹ̀dò, wọ́n a gbà lójú ẹsẹ̀ pé lágbájá ló ni ilẹ̀ náà. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Ohio, John Cleves Symmes, oníṣòwò ilẹ̀ kan, ta ilẹ̀ kọjá ààlà tirẹ̀. Nígbà tí ìwé àṣẹ ìjọba, èyí tí ìjọba fi ń kọ́kọ́ fi ilẹ̀ fún ènìyàn, jáde fún un ní 1794, éékà 311,682 ni ó wà nínú rẹ̀, àwọn tí wọ́n sì ti sanwó fún un lórí ilẹ̀ tí ó wà ní ìta ààlà yìí ní láti dúró de òfin 1799, tí ó fún wọn láǹfààní láti kọ́kọ́ ra ilẹ̀ náà lọ́wọ́ ìjọba, ṣùgbọ́n pẹ̀lú owó mìíràn. Ti àwọn ará Faransé tí wọ́n dé ìlú Gallipolis ní Ohio ní 1790 tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ilé iṣẹ́ Scioto tí ó ta ìwé fún wọn ní Paris kò ní ilẹ̀ tí ó lè fà lé wọn lọ́wọ́. Ní 1795 ni Kọ́ńgírẹ́sì tó fún wọn ní éékà 24,000 níbòmíràn. Nítorí náà, ẹ tọpa ilẹ̀ láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ẹ ó fi kan ìwé àṣẹ ìjọba, kí ẹ má sì dúró síbẹ̀: àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà ló ni ilẹ̀ náà ṣáájú, àdéhùn Greenville ti 1795 ni wọ́n sì fi gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ Ohio lọ́wọ́ wọn lẹ́yìn ogun.

Ẹ má ṣe da ọ̀nà méjì tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀ pọ̀. Ní Kentucky, igi, odò àti àpáta ni ààlà. Ilẹ̀ ẹnì kan ń gun orí ti ẹlòmíràn, débi pé Daniel Boone pàápàá, gbajúmọ̀ aṣíwájú àwọn tó kọ́kọ́ tẹ̀dó síbẹ̀, pàdánù ilẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀. Òfin 1785 ló mú ìpín onígun mẹ́rin dé Ohio: máìlì mẹ́fà ní ìbú àti òró, tí a pín sí ọ̀nà 36, ìpín kọ̀ọ̀kan jẹ́ éékà 640, a sì ya ìpín kẹrìndínlógún sọ́tọ̀ fún ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ka ìpín wọ̀nyí yí padà ní 1796, ẹni tí kò bá sì kíyè sí èyí lè lọ wá ilẹ̀ baba ńlá rẹ̀ sí ibi tí kò sí. Bí ìwé bá sọ pé ọ̀pá 40, ìwọ̀n ni, kì í ṣe òpó tí a rì mọ́lẹ̀; ọ̀pá kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 16 àti ààbọ̀.

Nọ́ńbà pulọ́ọ̀tì ìlú kò ní ìtumọ̀ láìsí àwòrán ìlú tí a fi tà á, irú èyí tí James Thompson, awọnlẹ̀, yà fún Chicago ní 1830. Ẹ má sì rò pé ẹni tí ó ra pulọ́ọ̀tì gbé ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ rà á láti tún un tà, kí ọrọ̀ ajé tó dojú dé ní 1837.

Ẹ má ṣe pe orúkọ tí ẹ rí nísàlẹ̀ ojú ìwé ní ìfọwọ́sí baba ńlá yín, nítorí akọ̀wé kóòtù ló da gbogbo rẹ̀ kọ. Dọ́là kan tí a kọ sílẹ̀ kì í sábà jẹ́ iye tí a san, pàápàá láàárín bàbá àti ọmọ.

Èyí tí ó dùn mí jù ni pé àwọn kan ń ṣí àwọn ojú ìwé kan rékọjá nítorí pé wọn kò sọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ní Kentucky, inú ìwé kan náà tí wọ́n ń kọ títà ilẹ̀ sí ni wọ́n ń kọ títà àwọn ẹrú sí. Orúkọ ẹni tí ó tà àti ẹni tí ó rà nìkan ni atọ́ka ìwé náà ń tò, kì í to orúkọ ènìyàn dúdú tí wọ́n tà. Ẹni tí ó bá ń wá ìyá ńlá rẹ̀ tí wọ́n kó lẹ́rú gbọ́dọ̀ wá orúkọ àwọn tí wọ́n pe ara wọn ní olówó rẹ̀, kí ó sì fara balẹ̀ ka ojú ìwé wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan.